Ta ló ká kọfí inú ọ̀rá yìí, èló ló sì gbà?

Ìbéèrè: Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọfí kékeré kan ní Peckham, ní London. Ẹni tó ń yan kọfí fún mi máa ń ra bí àpò márùn-ún lọ́dún láti oko ìdílé kan ní Huila, ní Kòlóḿbíà. Ohun tó wà lára ọ̀rá rẹ̀ ni orúkọ ìdílé náà, gíga òkè tí oko wà, máàkì 86, àti "direct trade", ìyẹn pé tààrà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ti rà á. Àwọn oníbàárà mi, pàápàá àwọn ọmọ wa tó mọ ohun tí ojú lébìrà ń rí nínú oko kòkó, máa ń bi mí bóyá àwọn tó ń ká a ń gba owó gidi. N kì í mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀, kí sì ni agbára mi lè ṣe sí i?

Ìdáhùn: Nǹkan mẹ́rin tí ẹ kà yẹn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kan ẹni tó ká èso náà. Orúkọ ìdílé ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Gíga òkè ń sọ ìdí tí èso fi pẹ́ lórí igi kó tó pọ́n, èyí tó ń mú kí adùn rẹ̀ jinlẹ̀. Máàkì 86 jẹ́ ti àwọn atọ́wò: kọfí tó bá gba 80 sókè nínú 100 ni wọ́n ń pè ní specialty, ìyẹn kọfí àṣàyàn. Ní ti "direct trade", òfin kankan kò de gbólóhùn náà. Ẹni tó ti sun oko náà mọ́jú lè tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá, ẹni tó jẹ́ pé fọ́tò oko nìkan ló rí náà lè tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè tí yóò ràn yín lọ́wọ́ kúrú jù ìyẹn lọ: èló ni wọ́n san fún kílò èso kan, kílò mélòó sì ni ẹnì kan lè ká lójúmọ́ nígbà tí wọ́n ní kó máa ṣà á? Ẹni tó bá béèrè ọ̀kan láìbéèrè èkejì kò tíì béèrè nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "oko ìdílé", torí òun ló ń tan èèyàn jù. Òótọ́ ni pé ìdílé ló ń ṣe kọfí Kòlóḿbíà. Wọ́n lé ní 500,000 ìdílé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní ju hẹ́kítà márùn-ún lọ. Ohun tí oníbàárà ń rò tó bá gbọ́ "ìdílé" ni bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ tó ń ká èso tiwọn, tí kò sí lébìrà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rẹ́ jẹ. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ wò.

Ká ní oko náà jẹ́ hẹ́kítà kan ààbọ̀, tí hẹ́kítà kan sì ń mú 1,200 kílò kóró wá lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,800 kílò. Kílò èso pípọ́n márùn-ún ló ń di kílò kan kọfí gbígbẹ tó ṣì wà nínú èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pergamino. Ọjà wọn sì ń ṣírò pé kílò 94 pergamino ló ń mú àpò kan kóró tó tó gbé lọ sókè òkun jáde, ìyẹn 70 kílò. Tí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, kílò kóró kan ń jẹ nǹkan bíi kílò èso 6.7. Oko kékeré yìí ní nǹkan bí 12,000 kílò èso tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ ká lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí ẹ̀rọ kò lè gùn.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, nígbà tí igi kún, lè ká 80 kílò lójúmọ́ bí wọn kò bá ní kó ṣà á jù. Iṣẹ́ ọjọ́ 150 nìyẹn. Tọkọtaya tó bá fi ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12 yóò ṣe ọjọ́ 144, ó kù díẹ̀ kí wọ́n dá a ṣe tán. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó fẹ́ rà á bá ní èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nìkan ni òun fẹ́, ọwọ́ kan náà lè má ju 45 kílò lọ lójúmọ́. Iṣẹ́ náà di ọjọ́ 267. Ọjọ́ tó lé ní 120 ti ṣẹ́ kù, èso kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àlejò ni yóò ká a. Bí kọfí ìdílé bá ṣe ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni oko ṣe ń wá ọwọ́ àlejò sí i, ọ̀rá kì í sì í dárúkọ wọn.

Àwọn wo ni àlejò yìí? Àwọn kan jẹ́ aládùúgbò tó ń ṣe àáró: lónìí lóko tèmi, lọ́la lóko tìrẹ. Ìyẹn ṣì wọ́pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Cauca àti Nariño. Àwọn tó kù ń tẹ̀lé ìkórè kiri, torí òkè kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tí tirẹ̀ ń pọ́n. Wọ́n á ṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní Antioquia, wọ́n á gba Caldas kọjá, wọ́n á tún balẹ̀ sí Huila. Ọ̀pọ̀ ará Venezuela náà ti wà láàárín wọn láti ọdún mélòó kan. Ó ń nira láti rí wọn tó, torí àwọn ọ̀dọ́ ń sá lọ sí ìgboro, èyí sì ń fún àwọn tó kù lágbára díẹ̀ láti dúnàádúrà.

Igi kọfí kì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò Kòlóḿbíà pín káàkiri ọdún, igi ń tanná lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ lè rí òdòdó, èso àìpọ́n àti èyí tó pupa lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ká a ń so ike kékeré tí wọ́n ń pè ní coco mọ́ ìbàdí, ọwọ́ méjèèjì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì tún padà sí ìlà igi kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Fún kọfí ọjà lásán, èyí tó ti ń yí àwọ̀ lè bá pípọ́n wọ àpò, kò sí ẹni tí yóò bínú. Fún kọfí tiyín, èyí tó ń yí àwọ̀ gbọ́dọ̀ dúró sórí igi. Ojú ń wò ó kí ọwọ́ tó fà á, àkókò sì ń lọ.

Kílò ni wọ́n fi ń sanwó. Owó oṣù tó kéré jù lófin ní Kòlóḿbíà lọ́dún 2025 jẹ́ 1,423,500 pésò. Tí ẹ bá pín in sí 30, ó jẹ́ 47,450 lójúmọ́. Ká ní 1,000 pésò ni wọ́n ń san fún kílò kan. Ẹni tó ká 80 kílò gba 80,000, ó rí jẹ, ó rí fi ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí wọ́n ní kó máa ṣà á tó wá ká 45 kílò, 45,000 ló gbà. Owó rẹ̀ ti wọ abẹ́ ti òfin, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó yọ kọ́bọ̀ lára rẹ̀. Òṣùwọ̀n kò parọ́, iye tí wọ́n ń san fún kílò kò yí padà, ọ̀gá oko lè má rò pé òun ṣe ohun burúkú kankan. Lébìrà ló fi àkókò ara rẹ̀ ra máàkì 86 yẹn fún un.

Kí owó ọjọ́ rẹ̀ tó lè padà sí 80,000, owó kílò kan gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 1,800 pésò. Ẹ wo ohun tí 800 tó fi lé e yìí máa ná yín. Lórí kílò kóró kan, 5,360 pésò ni. Tí ẹ bá fi 4,000 pésò ṣẹ́ dọ́là kan, 1.34 dọ́là nìyẹn. Yíyan ń jẹ nǹkan bí 15 nínú 100 lára ìwúwo kóró, 850 gíráàmù ló máa kù. Bí ife kan bá ń gba gíráàmù 18, ife 47 ló wà níbẹ̀. Ife kan kò tó sẹ́ǹtì mẹ́ta. Fún àpò márùn-ún tí ẹni tó ń yan kọfí fún yín ń rà, tó jẹ́ 350 kílò, gbogbo ẹ̀kúnwó ọdún jẹ́ nǹkan bí 470 dọ́là. Ẹ wo iye tí ẹ ń ta ife kan ní Peckham, kí ẹ sọ fún wa bóyá owó ló ń dí wọn lọ́wọ́.

Wọ́n ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà sanwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè, nígbà tí pípọ́n ṣì wà lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pe ìgbà náà ní graneo, owó ọjọ́ ni wọ́n ń san, torí kò sí ẹni tí yóò gbà láti ká a ní kílò. Àwọn oko specialty kan ń fi owó ọjọ́ ṣe é títí ìkórè fi parí. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá kò fẹ́ ẹ, torí ó mọ̀ pé òun lè pa ju bẹ́ẹ̀ lọ ní oko kejì, yóò sì lọ. Èyí tó ń pẹ́ jù lójú wa ni kí owó kílò ga, kí ẹ̀bùn sì wà lórí rẹ̀ fún ẹni tó ṣà á dáadáa.

Ẹ̀bùn yìí ló sì ń bàjẹ́ jù. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé, ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á da èso inú àpò sílẹ̀, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á ka 100 nínú rẹ̀, wọ́n á sì ya àìpọ́n sọ́tọ̀ lójú ẹni tó ká a. Bí àìpọ́n kò bá ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ̀bùn ti wọlé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí nǹkan kò ti gún ni pé orí àpò nìkan ni wọ́n ń wò, tàbí kí wọ́n sọ ẹ̀bùn di ìtanràn: dípò kí wọ́n fi owó lé e fún ẹni tó ṣe dáadáa, wọ́n á yọ kílò lọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ kò pé. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ tún béèrè àpò kejì. Kòkòrò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní broca, ó wọ Kòlóḿbíà lọ́dún 1988, inú èso ló ń dá ihò sí tó sì ń bí ọmọ sí. Èso tó bá pọ́n kọjá, tàbí tó bọ́ sílẹ̀ tí wọn kò ṣà, ni ilé tí yóò ti jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá oko kò fi fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹ́ kù lórí igi. Ẹni tó ń ká kọfí yín wá ń gbé àpò méjì: pípọ́n dáadáa sínú ọ̀kan, gbígbẹ, oníhò àti èyí tó pọ́n kọjá sínú èkejì. Àpò kejì fúyẹ́, ó ń jẹ àkókò púpọ̀, níbi púpọ̀ sì ni wọ́n ti ń sanwó kékeré lé e tàbí kí wọ́n má san án rárá. Iṣẹ́ ìlera oko ni, ọ̀gá ló sì ni oko.

Àyẹ̀wò kan wà tí ẹ lè ṣe lórí káńtà yín. Ẹ wọn 100 gíráàmù kọfí tí wọ́n ti yan, kí ẹ tú u sórí ìwé funfun. Kóró tí kò gbó kì í pọ́n dáadáa nínú ẹ̀rọ ayankọfí. Yóò rí bíi yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ láàárín àwọn tó kù, ẹ bá sì jẹ ẹ́, ó ń rùn bí èèpo ẹ̀pà. Ìlànà SCA (Specialty Coffee Association), àjọ àwọn oníṣòwò kọfí àṣàyàn, fún specialty ni pé kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀kan ṣoṣo nínú 100 gíráàmù. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kankan, ẹnì kan ti lo àkókò, yálà nídìí igi tàbí níbi tábìlì tí wọ́n ti ń ṣa kóró, níbi tó jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù tí wọ́n sì ń gba owó kílò bákan náà. Àyẹ̀wò yìí ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ wọn, kò lè jẹ́rìí sí owó wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá yín bá kún fún wọn tí ẹni tó tà á fún yín sì ń sọ pé pípọ́n nìkan ni wọ́n ká, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn owó kílò, owó lébìrà ń jò níbi mẹ́ta. Òṣùwọ̀n ni àkọ́kọ́. Nígbà púpọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wọn èso, ilẹ̀ ti ń ṣú, ó ti rẹ gbogbo ènìyàn, ọmọ ọ̀gá ló di ìwé mú. 47.8 á di 47. Bí ìdajì kílò bá ń sọnù lọ́wọ́ ẹnì kan lójúmọ́, kílò mẹ́ta ló lọ lọ́sẹ̀. Bí ènìyàn 20 bá wà lóko, kílò 60 ni oko rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ kan. Àpò tí wọ́n fi ń kó o náà wúwo, pàápàá tí òjò bá ti rin ín, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ ọ́. Wíwọn àpò òfìfo níwájú gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó láti pa àríyànjiyàn ibẹ̀.

Oúnjẹ ni ìkejì. Lọ́pọ̀ oko, wọ́n ń sùn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé tí wọ́n ń pè ní cuartel, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ owó oúnjẹ lára owó wọn ní Sátidé. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n sọ kí ènìyàn tó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ béèrè ní tààrà pé ọjọ́ òjò ńkọ́? Ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n wọ oko, kílò kò sí, oúnjẹ ṣì wà. Níbi tí wọ́n bá ń kọ owó oúnjẹ ọjọ́ òjò sílẹ̀ bíi gbèsè, lébìrà lè ṣe ọ̀sẹ̀ kan kó má rí nǹkan mú lọ.

Ìkẹta ni orúkọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé sá sí. Bí bàbá, ìyá àti ọmọ bá jọ ń ká a, orúkọ bàbá nìkan ni wọ́n sábà ń kọ kílò sí. Owó ìyàwó ti bá ti ọkọ lọ, ọmọ kò sì sí nínú ìwé rárá. Òfin Kòlóḿbíà kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 máa ṣiṣẹ́ gbowó. Láti 15 sí 17, àṣẹ gbọ́dọ̀ wà, iṣẹ́ eléwu sì jẹ́ èèwọ̀. Ọmọ onílẹ̀ tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sóko lẹ́yìn ilé ìwé yàtọ̀ sí ọmọ àlejò tó wà lóko ní àárọ̀ Tuesday, kò sì yẹ kí ẹ pa méjèèjì pọ̀. Ìwé òṣùwọ̀n ni yóò fi hàn yín. Wọ́n ń pè é ní planilla: orúkọ, kílò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, owó tí wọ́n san. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ọ̀sẹ̀ méjì péré nínú rẹ̀, kí wọ́n bo orúkọ. Bí wọ́n bá sọ pé ṣíṣà ni wọ́n ṣà á, tí ìlà kan sì ń ka 130, 140 kílò lójoojúmọ́, ẹnì kan kọ́ ló wà lẹ́yìn orúkọ yẹn. Tàbí kó jẹ́ pé wọn kò ṣà á.

Ẹ má bínú sí wọn jù tí wọ́n bá ní kò sí ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ lébìrà fúnra wọn kì í fẹ́ ẹ. Ìjọba ń fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní Sisbén mọ àwọn tálákà tí ìrànwọ́ tọ́ sí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí orúkọ àwọn bá wọ ìwé owó oṣù fún oṣù méjì, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ lè lọ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀gá oko lè ṣe láìsí ìwé náà pọ̀ díẹ̀: bẹ́ẹ̀dì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, omi tó ṣe é mu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn, bàtà òjò, àti ọkọ̀ tí yóò gbé ẹni tó bá ṣubú tàbí tí ejò bù jẹ lọ sí ọsibítù.

Àmì ìdánilójú ńkọ́? A ó yára kọjá níbẹ̀, torí wọn kò dáhùn ìbéèrè tí ẹ béèrè. Fairtrade International, nínú kọfí, ń bá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ṣe. Láti oṣù Kẹjọ 2023, owó tó kéré jù fún arabica fífọ̀, irú kọfí tí Kòlóḿbíà ń gbìn, jẹ́ 1.80 dọ́là fún pọ́n-ùn ìwúwo kan, ẹgbẹ́ sì ń gba sẹ́ǹtì 20 lé e. Ó wúlò fún àgbẹ̀ nígbà tí ọjà bá já. Ṣùgbọ́n kí owó náà tó dé ọwọ́ ẹni tó wá ká èso fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní ibi púpọ̀ tó ti lè dúró. Rainforest Alliance ń wo ipò àwọn òṣìṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ní owó tó kéré jù fún kọfí. Àmì organic kì í sọ nǹkan kan nípa owó lébìrà.

Ọ̀gá oko náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí àdéhùn tó ń pín ọjà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè túká lọ́dún 1989, ọjà New York ló ń gbé owó kọfí sókè tó sì ń já a bọ́. Ní àwọn oṣù kan lọ́dún 2019, pọ́n-ùn arabica kan kò tó dọ́là kan. Ní oṣù Kejì 2025, ó kọjá dọ́là mẹ́rin. Ní Kòlóḿbíà, carga kan, ìyẹn 125 kílò pergamino, ni wọ́n fi ń pe owó. Ó ń jẹ 625 kílò èso. Ní 1,000 pésò, kíká rẹ̀ nìkan jẹ́ 625,000. Ní 1,800, ó jẹ́ 1,125,000. Lọ́dún tí owó bá dára, èyí ṣe é gbé. Nígbà tí ọjà já ní 2019, owó carga fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bí 700,000, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sì rí owó tí wọ́n ná padà. Owó tó dára lọ́wọ́ àgbẹ̀ kò ní kó dé ọwọ́ lébìrà dandan, àmọ́ bí kò bá ti sí lọ́wọ́ àgbẹ̀, lébìrà kò lè rí i.

Èyí tó tún le jù ni àkókò. Ní Sátidé ni wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ṣà á. Ó lè tó oṣù kan tàbí méjì kí àwọn atọ́wò tó tọ́ ọ wò. Bí ó bá gba 83 dípò 86, ẹ̀kúnwó specialty kò wá, bẹ́ẹ̀ owó ṣíṣà ti lọ. Àgbẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ san owó kílò gíga mọ́, ẹ kò sì lè dá a lẹ́bi. Nítorí náà, ohun tó lágbára jù tí ẹ lè bá ẹni tó ń yan kọfí fún yín sọ ni pé kí wọ́n ya owó ṣíṣà sọ́tọ̀ kúrò lára owó máàkì: kí àfikún owó kíká jẹ́ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n san án yálà kọfí gba 86 tàbí 83, kí apá kan rẹ̀ sì dé ṣáájú. Kì í ṣe nǹkan tuntun: nínú ìlànà Fairtrade, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lè béèrè títí dé 60 nínú 100 owó àdéhùn ṣáájú.

Bí ẹ bá tún ń ra kọfí Bràsíl láti pò mọ́ ọn, ìbéèrè yí padà. Níbẹ̀, ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ̀rọ ló ń ká èyí tó pọ̀. Lórí àwọn òkè Minas Gerais, ọwọ́ ni, ọ̀pọ̀ lébìrà sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn lábẹ́ alágbàsanwó tí wọ́n ń pè ní gato, tó ń san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ fún wọn tí yóò sì sọ ọ́ di gbèsè. Orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé àwọn ẹrú, tí àwọn ọmọ Yorùbá kan wà láàárín wọn, ló ṣiṣẹ́ oko kọfí rẹ̀ títí di 1888, ti ṣe ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀: ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ ń tẹ orúkọ àwọn agbanisíṣẹ́ tí wọ́n bá nídìí iṣẹ́ tó jọ ti ẹrú jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Lista suja ni wọ́n ń pè é, oko kọfí sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ gba orúkọ oko àti ti onílẹ̀, kí ẹ wá wọn níbẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní ti Huila, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan fún ẹni tó ń yan kọfí, kó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó o wọlé. Ẹ béèrè iye pésò tí wọ́n san fún àgbẹ̀ lórí carga àti ọjọ́ tí wọ́n san án, kí ẹ lè fi wé iye tí àjọ àwọn àgbẹ̀ kọfí wọn, Federación Nacional de Cafeteros, ń gbé jáde lójoojúmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè iye tí wọ́n san fún kílò èso lórí kọfí yín gan-an, àti èyí tí wọ́n ń san fún kọfí lásán lóko kan náà. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹ fi owó oúnjẹ, ọjọ́ òjò, àpò kejì àti fọ́tò planilla tẹ̀lé e. Bí ẹni tó ń kó o wọlé bá ní òun kò mọ̀, kò burú lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni kò bi rí. Bó bá ní àṣírí òwò ni, ìyẹn le díẹ̀, torí owó kílò kì í ṣe àṣírí lóko: gbogbo lébìrà àdúgbò ló mọ̀ ọ́n.

Bí ìdáhùn kò bá dùn mọ́ yín, ẹ má tètè fi oko náà sílẹ̀. Àpò márùn-ún kéré, ṣùgbọ́n oníbàárà tó ń padà wá lọ́dọọdún ni àgbẹ̀ lè fọkàn tán tó fi lè gbé owó kílò sókè. Bí ẹ bá rí ṣọ́ọ̀bù méjì mìíràn tí yóò bá yín ra láti oko kan náà, ọ̀rọ̀ yín ti wúwo sí i. Lọ́pọ̀ ibi ní Huila, ìkórè pọ̀ láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá, òmíràn sì wà ní nǹkan bí oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà. Ìgbà tí àgbẹ̀ bá ti kéde owó kílò, kò sí ohun tí lẹ́tà lè yí padà mọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí tiyín dé ọwọ́ wọn kí oṣù Keje tó parí, kí iye àfikún owó kíká àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ san án sì wà nínú rẹ̀.